Àgbẹ̀ Tí Kò Rẹ́ni Bá Sọ̀rọ̀

Ní ọdún 2010, Keith Ineson, ará Cheshire ní àríwá ìwọ̀-oòrùn England, gbé nọ́ńbà fóònù kan síta fún àwọn àgbẹ̀. Ọkùnrin àgbẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ ẹ́ nínú láti kékeré láìrí ẹni sọ ọ́ fún, ni nọ́ńbà náà wà fún. Gay Farmer Helpline ni wọ́n ń pè é. Ineson kò kọ́ iṣẹ́ dókítà ọpọlọ. Iṣẹ́ ìjọ láàárín àwọn àgbẹ̀ ló fi ìgbà pípẹ́ ṣe, iṣẹ́ tó ń gbé èèyàn lọ sọ́jà ẹran, tó ń mú un yà sóko, tó ń mú un jókòó ti ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn tàbí ẹni tí àrùn ti kó màlúù rẹ̀ lọ tán. Òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ gay.

Ohun méjì tó pàdé lára ọkùnrin yìí ló jẹ́ kí fóònù náà máa dún. Ó mọ iṣẹ́ oko, ó sì mọ ohun tí àṣírí ń ṣe fún ọkàn. Ẹni tó bá pè é kò ní láti kọ́kọ́ ṣàlàyé ìdí tí òun kò fi lè fi màlúù sílẹ̀ lọ síbi ìpàdé ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Kò sì ní láti ṣàlàyé ìdí tí ẹ̀rù bàbá òun ṣì fi ń ba òun nígbà tí òun náà ti lọ́mọ.

Nígbà tí àwọn oníròyìn bi í léèrè nípa àwọn tó ń pè é, Ineson ní ọ̀pọ̀ wọn ló ti dàgbà, tí wọ́n ti gbéyàwó, nítorí ohun tí abúlé ń retí lọ́wọ́ àgbẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan nínú wọn ti rò ó títí, wọ́n fẹ́ gba ẹ̀mí ara wọn. Ó yẹ ká rántí àwọn ìyàwó náà níbí. Obìnrin tó ti ń bá ọkùnrin gbé fún ọgbọ̀n ọdún, tó ń rí i pé ohun kan ń dun ọkọ òun, tí kò sì mọ ohun tó jẹ́, ó ń ru ẹrù tirẹ̀ nínú ilé kan náà.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ oko lè béèrè pé kí ló dé tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò kó ẹrù rẹ̀ lọ sí London tàbí Manchester. Màlúù oníwàrà kò mọ Kérésìmesì. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni wọ́n ń fún wàrà rẹ̀, ní ìdájí kí ojúmọ́ tó mọ́ àti ní ìrọ̀lẹ́, bí òjò ń rọ̀, bí yìnyín ń bọ́. Ilẹ̀ tí ọkùnrin náà ń dá, àtọwọ́dọ́wọ́ ni. Ilé tó ń sùn wà lórí ilẹ̀ náà. Bàbá rẹ̀ ṣì ń bá a jókòó sídìí tábìlì láàárọ̀, orúkọ bàbá náà ló sì ṣì wà nínú ìwé ilẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá bẹ́ sílẹ̀ lọ́nà tí kò dáa, ó lè pàdánù ilé, iṣẹ́, ilẹ̀ ìdílé àti ẹran tó mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní ìlú ńlá kò ní irú ìṣòro yìí. Bí ọ̀gá kan bá lé e, yóò wá iṣẹ́ míì.

Abúlé náà sì nìyẹn, etí ọba nílé, etí ọba lóko. Akọ̀wé tó ń gba káàdì nílé ìwòsàn lè jẹ́ ìyàwó ẹni tó ń ta oúnjẹ màlúù fún un. Nọ́ọ̀sì tó yẹ kó tú inú rẹ̀ fún lè jẹ́ ẹni tí òun àti ìyá rẹ̀ jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n lè jẹ́ èèyàn rere, kí ẹnu wọn má sì jò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dán wọn wò. Ó máa ń lọ sọ́jà ẹran, á bá wọn rẹ́rìn-ín, á dá sí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, á sì wa ọkọ̀ rẹ̀ padà sílé. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Ní 2003, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Ilan Meyer, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìlera ọpọlọ kò tíì yé tọ́ka sí. Ó ń wá ìdí tí ìsoríkọ́ àti àníyàn fi pọ̀ láàárín àwọn ọkùnrin gay, àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin àti àwọn tó ń fẹ́ tọkùnrin tobìnrin. Ibi tó fàbọ̀ sí ni pé ẹrù tí àwùjọ ń gbé lé wọn lórí ló ń fa ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀gbin àti ìyà tí wọ́n fi ń jẹ wọ́n wà nínú ẹrù náà. Àmọ́ Meyer rí èyí tí kò hàn sójú pẹ̀lú: kéèyàn máa retí pé wọ́n á kọ òun, kó máa ṣọ́ ẹnu rẹ̀ àti ìrìn rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kó máa fi ohun tó jẹ́ pa mọ́, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí gba èébú táyé ń bú irú òun gbọ́ nínú ara rẹ̀. Àpilẹ̀kọ yẹn kan náà sọ pé kéèyàn rí àwọn tó dà bí òun, kó sì wà láàárín wọn, wà lára ohun tó ń mú ẹrù náà fúyẹ́. Ní ìlú ńlá, ó rọrùn láti rí wọn. Ní abúlé, ó lè jẹ́ pé ẹni kejì tó jẹ́ gay wà lóko tó wà lẹ́yìn òkè yẹn, tí òun náà ń pa tirẹ̀ mọ́.

Ibi tí ẹgbẹ́ ẹni ti ń wọ ọ̀rọ̀ ìlera ọpọlọ nìyí. Kí ẹni tó ti la ohun kan kọjá gbọ́ ti ẹni tó ṣì wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ àtijọ́ ni. Fóònù ló kàn sọ ọ́ di ohun tó lè dé ibi tí ọkọ̀ kò dé.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1953, Chad Varah, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà tó wà ní St Stephen Walbrook ní àárín London, ya fóònù kan sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá ń ro àtipa ara rẹ̀. Nígbà náà, ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin England ni kéèyàn gbìyànjú ẹ̀. Ọdún 1961 ni wọ́n tó fagi lé òfin náà. Varah gbà pé òun lòun á máa gba àwọn èèyàn náà nímọ̀ràn, kí àwọn olùyọ̀ǹda tó ń ràn án lọ́wọ́ máa po tíì fún àwọn tó ń dúró. Kò pẹ́ tó fi kíyè sí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dúró wọ̀nyí, lẹ́yìn tí wọ́n bá mu tíì, tí ẹnì kan sì ti fara balẹ̀ gbọ́ wọn, kì í dúró rí òun mọ́ kí wọ́n tó máa lọ sílé. Ní 1954 ó fi fóònù náà lé àwọn olùyọ̀ǹda lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ Samaritans tó wà káàkiri Britain àti Ireland lónìí ti ibẹ̀ jáde.

Àwọn gay náà kò jókòó lásán. Òfin ọdún 1967 ti sọ pé ọkùnrin méjì tó ti pé ọmọ ọdún 21 kò ní ṣẹ̀wọ̀n mọ́ nítorí ohun tí wọ́n bá jọ ṣe ní ìkọ̀kọ̀, ṣùgbọ́n England àti Wales nìkan lòfin náà mú. Scotland dúró di 1980, Northern Ireland dúró di 1982. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 1974, àwọn olùyọ̀ǹda kan jókòó ti fóònù nínú yàrá kan lókè ilé ìtàwé Housmans, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin King's Cross, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n pè ní Gay Switchboard. Àwọn tó ń gbé fóònù níbẹ̀ náà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún kàn, títí di òní ni.

Wọ́n ní ìwé ńlá kan tí wọ́n ń kọ nǹkan sí bí wọ́n bá ti ń gbé fóònù. Biro ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru á kọ ohun tí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ nílò, ẹni yẹn á sì fèsì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n á béèrè bóyá ẹnì kan mọ lọ́yà tí a lè fọkàn tán, bóyá ẹni tó pè lánàá tún ti pè. Àwọn ìwé náà wà nípamọ́ báyìí ní Bishopsgate Institute ní London. Ẹni tó bá rí wọn á mọ̀ pé iṣẹ́ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, pé kì í ṣe kí aláàánú kan ṣáà gbé fóònù, kó máa sọ ohun tó bá wá sí i lẹ́nu.

Méjì lára àwọn olùyọ̀ǹda Switchboard, Mark Ashton àti Mike Jackson, ló wà nídìí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1984. Àwọn awakùsà èédú wà lórí ìyanṣẹ́lódì, ìjọba Margaret Thatcher sì ń fẹ́ fi ebi ká wọn lọ́wọ́ kò. Àwọn gay ní London bẹ̀rẹ̀ sí dáwó fún àwọn ará àfonífojì Dulais ní gúúsù Wales. Ní oṣù kẹwàá wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n lọ kí wọn ní gbọ̀ngàn àwọn awakùsà ní Onllwyn. Inú gbogbo èèyàn kò kọ́kọ́ balẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n jọ jẹun, wọ́n jọ jó, àwọn ará London sì sun ilé àwọn awakùsà. Ní oṣù kejìlá, ìnáwó ijó kan ní Camden pa owó tó lé ní 5,000 pọ́ùn fún àwọn ará àfonífojì náà. Nígbà tó di ọdún 1985, àwọn awakùsà kó ara wọn wá sí London, wọ́n sì ṣíwájú ìwọ́de Pride. Àwọn tó ń sọ pé ará oko kò lè yí ọkàn padà láé kò rántí Onllwyn.

Ìròyìn tó gba orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún ọdún púpọ̀ ni pé gay tó bá wà lábúlé gbọ́dọ̀ sá. Ní 1996, Will Fellows tẹ ìwé *Farm Boys* jáde, àkójọ ìtàn àwọn ọkùnrin gay tí wọ́n tọ́ dàgbà lóko ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣí lọ sí ìlú ńlá. Ohun tó ń dun wọ́n ni ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ: òórùn koríko, ẹran tí wọ́n gbẹ̀bí rẹ̀, ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ tí kò sí níbi tí wọ́n wà. Bí ilé ayé bá ní ọ̀nà méjì péré, kéèyàn dúró kó máa kú díẹ̀díẹ̀ tàbí kó sá kó máa ṣàárò, méjèèjì ló ń pa ọkàn lára. Ohun tí ẹgbẹ́ ẹni lè ṣe nìyí tí egbòogi kò lè ṣe: ó lè ṣí ọ̀nà kẹta, kéèyàn wà lórí ilẹ̀ rẹ̀, kó sì wà láàyè.

Àwọn tó dúró kò sì kéré. Ní 2019, Movement Advancement Project, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, ṣírò rẹ̀ pé àwọn LGBT (àwọn gay, àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, àwọn tó ń fẹ́ tọkùnrin tobìnrin, àti àwọn trans tí wọn kò ka ara wọn sí akọ tàbí abo tí wọ́n pè wọ́n nígbà tí wọ́n bí wọn) tó ń gbé ní ìgbèríko ilẹ̀ náà wà láàárín mílíọ̀nù 2.9 sí 3.8. Ìyẹn jẹ́ èèyàn mẹ́ta sí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ará ìgbèríko. Ìwádìí náà ní ọ̀pọ̀ wọn wà níbẹ̀ nítorí ohun kan náà tó mú àwọn aládùúgbò wọn dúró: ẹbí, ilẹ̀, ìgbé ayé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìnira ibẹ̀ ni pé ẹni kan náà lè jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́, kó jẹ́ díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó tún wà nínú ìgbìmọ̀ ilé ìwé. Bó bá kọ èèyàn níbì kan, ó ti kọ ọ́ níbi mẹ́ta.

Mary L. Gray lọ gbé láàárín àwọn ọ̀dọ́ LGBT ní ìgbèríko Kentucky àti agbègbè rẹ̀, ó sì kọ *Out in the Country* tó jáde ní 2009. Ohun tó rí yàtọ̀ sí ìtàn pé inú òkùnkùn nìkan ni wọ́n ń gbé. Àwọn ọ̀dọ́ náà ń pàdé ní ibi tó bá ṣí sílẹ̀, nínú yàrá ìkàwé ìjọba, lábẹ́ ilé ṣọ́ọ̀ṣì, kódà nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá Walmart lóru. Gray ṣàkíyèsí pé kí wọ́n mọ ọmọ kan sí ọmọ lágbájá máa ń dáàbò bò ó lábúlé. Yorùbá kankan kò nílò àlàyé lórí èyí. Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Bí abúlé bá gbà pé ọmọ wa ni, ó ṣòro kí wọ́n lé e jáde.

Nígbà míì, ilé ẹjọ́ ló ń bá wọn ṣí ilẹ̀kùn. Ní 2002, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilé ìwé girama Boyd County ní ìlà-oòrùn Kentucky dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ gay àti ẹni tí kì í ṣe gay á jọ máa pàdé. Ìlú dà rú. Àwọn òbí fi ẹ̀hónú hàn, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ láti wá sílé ìwé, ìgbìmọ̀ ilé ìwé náà bá fòfin de gbogbo ẹgbẹ́ pátá kí wọ́n má bàa gba ẹyọ kan yẹn láyè. Ní 2003, Adájọ́ David Bunning pàṣẹ pé kí wọ́n fún ẹgbẹ́ náà ní àyè tí wọ́n ń fún àwọn tó kù, nítorí òfin àpapọ̀ ti 1984 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìjà tí wọ́n jà fún odindi ọdún kan yìí, kò ju àyè tí ọmọdé mélòó kan fẹ́ máa jókòó sí lẹ́yìn ìwé kí wọ́n lè béèrè lọ́wọ́ ara wọn pé báwo ni nǹkan.

Àwọn kan á béèrè pé ṣé ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ dókítà lè wo ọkàn tó ṣàìsàn. Ibi tí ìdáhùn ti wá kò jìnnà sí wa. Ní 2005, aláìsàn kan tí Dixon Chibanda, dókítà ọpọlọ ní Zimbabwe, ń tọ́jú gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Owó ọkọ̀ tí wọn ì bá fi gbé e wá sọ́dọ̀ dókítà ni ìdílé rẹ̀ kò ní. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Chibanda kó ìyá àgbà 14 jọ ní Mbare, ní Harare, ó kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe gbọ́ èèyàn, tí wọ́n á sì jọ wá ojútùú sí ìṣòro kan lẹ́ẹ̀kan, lórí bẹ́ǹṣì onípákó níta ilé ìwòsàn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ètò náà, tí ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA gbé jáde ní 2016, lo èèyàn 573. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà, nǹkan bí 14 ni àmì ìsoríkọ́ ṣì wà lára wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ìtọ́jú tó ti wà tẹ́lẹ̀, nǹkan bí 50 ni. Ètò yẹn kò dá lórí LGBTQ. Ohun tó fi hàn ni pé etí tí wọ́n bá kọ́ dáadáa, tó sì mọ ìgbé ayé ẹni tó ń gbọ́, ìtọ́jú gidi ni.

Kí wọ́n kọ́ ọ dáadáa, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ti jìyà kan náà lè sọ ìyà tirẹ̀ di odindi ọ̀rọ̀, kó má gbọ́ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ mọ́. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára rẹ̀, tó yẹ kó sọ pé ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà. Ó gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń béèrè láìfi bò pé, ṣé ẹ ń ro àtipa ara yín? Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí mọ̀ pé ìbéèrè náà kì í fi èrò yẹn síni lọ́kàn, ńṣe lara ń tu ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà tí ẹnì kan bá ní ìgboyà láti bi wọ́n. Ẹni tó ń gbọ́ náà gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò gbọ́ tirẹ̀. Bí nọ́ńbà kan bá so mọ́ ẹnì kan ṣoṣo, bí ti Cheshire ṣe bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó bá rẹ ẹni náà tàbí tí ara rẹ̀ kò yá, ìṣòro ti dé nìyẹn.

Àṣírí tún wà níbẹ̀. Trans Lifeline, tí àwọn trans dá sílẹ̀ ní San Francisco ní 2014 fún àwọn trans ẹgbẹ́ wọn, ní òfin kan tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ míì kò ní: wọn kì í ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá sí ẹni tó bá pè wọ́n àyàfi bí onítọ̀hún bá fọwọ́ sí i. Àwọn kan nínú iṣẹ́ yìí gbà pé ewu wà nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó túmọ̀ sí lábúlé tí gbogbo ará ibẹ̀ mọ ọlọ́pàá lórúkọ. Bí ọkọ̀ ọlọ́pàá bá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé trans kan lóru, tí ìdí tó fi wá sì tàn ká kí ilẹ̀ tó mọ́, onítọ̀hún kò ní pe nọ́ńbà kankan mọ́ láyé rẹ̀. Trans Lifeline kọ́kọ́ wá bí wọ́n á ṣe rí ìgbẹ́kẹ̀lé, nítorí láìsí i, fóònù náà kò ní dún rárá.

Nígbà tí Matt Houghton fi nọ́ńbà Ineson ṣe fíìmù kúkúrú kan, *Landline*, ọgbọ́n kan náà ló lò. Ohùn àwọn èèyàn gidi ni wọ́n gbà sílẹ̀, àwọn òṣèré ló sì ṣe ohun tí ojú ń rí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ jáde láìtú ẹnikẹ́ni fó. Àwọn míì yan ọ̀nà tó yàtọ̀. Matt Naylor, tó ń gbin òdòdó ní Lincolnshire, wà lára àwọn tó dá Agrespect sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń gbé àwòrán àti ìtàn àwọn LGBT tó wà nínú iṣẹ́ oko síta lójú wọn lórúkọ wọn: ẹni tó ń sin àgùntàn, dókítà ẹranko, ẹni tó ń wa ẹ̀rọ ìkórè. Ọ̀dọ́ tó bá rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ rí ẹni tó wọ bàtà oko bíi tirẹ̀, tó dúró nínú ẹrẹ̀ bíi tirẹ̀, tí ayé kò sì pa lé lórí. Àwọn méjèèjì la nílò, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tí nǹkan ń dùn ló lè yọjú lọ́jọ́ kan náà.

Láàárín Yorùbá, ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí mú wá sọ́kàn ni Rowland Jide Macaulay, àlùfáà ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London. Ní 2006 ó dá House of Rainbow sílẹ̀ ní Èkó, ibi tí àwọn onígbàgbọ́ tó jẹ́ gay ti lè jọ gbàdúrà, kí wọ́n sì gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn ara wọn. Ìhàlẹ̀ pọ̀ débi pé ó kó padà sí London ní 2008, ibẹ̀ ló sì ti ń bá iṣẹ́ náà lọ. Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2014 wá sọ pé ẹni tó bá forúkọ ẹgbẹ́ gay sílẹ̀, tó darí rẹ̀ tàbí tó bá wọn kópa nínú rẹ̀, yóò ṣẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ohun yòówù kéèyàn gbà gbọ́ nípa ìgbéyàwó, ó yẹ kó rí ohun tí gbólóhùn yẹn ṣe. Ọmọ kan tó wà ní abúlé kan ní Òkè-Ògùn, tí ẹ̀mí rẹ̀ ń ṣiyèméjì lóru, ẹni tó yẹ kó sá tọ̀ ni òfin kọ́kọ́ mú ẹ̀rù bá.

Ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, ìpàdé kan wà tí wọ́n ń pè ní Queer Farmer Convergence. Hannah Breckbill ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2018 lóko rẹ̀, Humble Hands Harvest, nítòsí ìlú Decorah. Àwọn àgbẹ̀ LGBTQ ń ti ọ̀nà jíjìn wá síbẹ̀. Wọ́n á jọ wà lórí ilẹ̀, wọ́n á jọ jẹun, wọ́n á sọ̀rọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń rí ilẹ̀ rà nígbà tí kò sí ilẹ̀ ìdílé tó máa jogún. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní ìtọ́jú ọpọlọ, àmọ́ ẹni tó ń dá nìkan lérò pé òun nìkan ni gay tó ń gbin kárọ́ọ̀tì ní gbogbo àárín Amẹ́ríkà á jókòó sáàárín àwọn tó pọ̀, kò sì ní rò bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìpàdé báyìí kò lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọdún 15 tí kò tíì lè wa ọkọ̀. Fóònù ló lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Trevor Project, ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó wà fún àwọn ọ̀dọ́ LGBTQ, ti ń gbé irú fóònù bẹ́ẹ̀ láti 1998. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 2022, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà 988 fún ẹnikẹ́ni tí ọkàn rẹ̀ bá wà nínú ewu. Òfin tó bí i, tí Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí ní 2020, dárúkọ àwọn ọ̀dọ́ LGBTQ mọ́ àwọn tí ewu ìgbẹ̀mí ara ẹni pọ̀ fún jù. Wọ́n wá ṣètò pé ọ̀dọ́ tó bá pe 988, tó sì tẹ 3, yóò bá ẹni tí wọ́n dìídì kọ́ fún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ lo ọ̀nà náà lé ní mílíọ̀nù kan. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù keje ọdún 2025, ìjọba Trump ti ọ̀nà náà pa.

Fóònù 988 ṣì ń lọ, Trevor Project náà ṣì ń gbé fóònù tirẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ṣùgbọ́n 988 ni wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn káàdì ìdánimọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, òun ni ọmọ abúlé mọ̀ láìwá a kiri. Ìjọba California kéde lóṣù keje yẹn kan náà pé àwọn á bá Trevor Project ṣiṣẹ́ kí wọ́n lè kọ́ àwọn tó ń gbé 988 ní ìpínlẹ̀ àwọn. California ní owó, ó sì ní ìlú ńlá. Àwọn ìpínlẹ̀ tí oko àti abúlé pọ̀ sí jù ló yẹ kí wọ́n ṣe irú ẹ̀, kí wọ́n sì wá àwọn tó mọ ohun tí ìdájí jẹ́ lóko màlúù sínú àwọn tí wọ́n máa kọ́.